Bí A Ṣe Ń Wá Lọ́yà ní Ìlú Kékeré

Àwọn àgbà máa ń wí pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ lọ́yà rárá, títí di ọjọ́ tí ẹjọ́ bá wá bá wọn nílé.

Ẹ jẹ́ kí a fi opó kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń gbé inú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjíṣẹ́ kọ́ọ̀tù mú ìwé wá fún un pé àwọn kan ti pè é lẹ́jọ́ lórí ilé náà. Obìnrin yìí kò mọ̀wé, kò sì mọ lọ́yà kankan. Bí ó bá ká ìwé náà sábẹ́ ẹní, tí ó ń retí pé inú àwọn àna òun yóò rọ̀, ọjọ́ tí ó yẹ kí ó dáhùn yóò kọjá, kọ́ọ̀tù sì lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dá a dúró níbẹ̀ lè má jẹ́ lọ́yà rárá. Kí ni kí ó ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ ẹni tí òfin pè ní lọ́yà. Nígbà àtijọ́, ọ̀ràn yìí kò le tó báyìí. Òfin ọdún 1876 ní Èkó fi àyè sílẹ̀ pé, nítorí pé lọ́yà kò pọ̀, kọ́ọ̀tù lè fún ẹni tí ó mọ̀wé díẹ̀ ní ìyọ̀ǹda oṣù 6 láti máa gba ẹjọ́ rò, kí ó sì tún un gbà bí oṣù náà bá pé. Ọdún 1888 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí yanjú ní ìlú Òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1915, àṣà ìyọ̀ǹda oṣù 6 náà ti dópin. Lónìí, ẹni tí yóò ṣe lọ́yà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, kí ó tún lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin tí òfin ọdún 1962 dá sílẹ̀, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yìí kì í ṣe lọ́yà, ì báà wọ kóòtù dúdú, ì báà mọ òyìnbó sọ bí omi. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹnikẹ́ni pe ara rẹ̀ ní lọ́yà nígbà tí kì í ṣe é.

Níbo ni a ó ti rí ojúlówó, pàápàá ní ìlú tí lọ́yà kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ? Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní ìlú púpọ̀, bí Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde, Iléṣà àti Oǹdó. Bí ìlú yín bá kéré, ẹ̀ka tí ó wà ní ìlú ńlá ìtòsí ni kí ẹ kàn sí. Ọ̀nà kejì kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ lọ jókòó sí kọ́ọ̀tù. Gbangba ni a ń gbọ́ ẹjọ́, àyè sì wà fún ẹnikẹ́ni láti jókòó kí ó máa wò. Ẹ ó rí lọ́yà tí ó tètè dé, tí ó mọ ìdí ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ ó sì rí èyí tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsúnsíwájú lójoojúmọ́. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ bi àwọn tí wọ́n ti ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n borí nìkan. Ẹ bi wọ́n bí lọ́yà wọn ṣe ń jíṣẹ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún alárinà tí ó ní òun mọ adájọ́. Kò sí lọ́yà tòótọ́ tí yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ ó borí.

Bí ẹ bá ti dé ọ́fíìsì lọ́yà, ẹ má tijú láti béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè nọ́ḿbà rẹ̀ nínú ìwé orúkọ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹ wò bóyá òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wọn wà lára ìwé tí ó ṣe, nítorí láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ béèrè bóyá ó ti gba irú ẹjọ́ náà rò rí. Ìbéèrè kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ní ìlú kékeré: ṣé kò sí àjọṣe láàrin òun àti ẹni tí ẹ ń bá ṣe ẹjọ́? Níbi tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ìbátan, lọ́yà yín lè jẹ́ ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún àna yín láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé yóò tú àṣírí yín, nítorí òfin dè é láti pa ohun tí ẹ bá sọ fún un mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ sọ iye owó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: èyí tí ó jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ̀, àti èyí tí ó jẹ́ owó kọ́ọ̀tù. Ẹ gba rísíìtì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá san owó. Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ fún un. Kí ojúlówó ìwé ilẹ̀ máa wà lọ́wọ́ yín, àfi bí kọ́ọ̀tù bá béèrè rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Láti ọdún 1976 ni ìjọba ti dá àjọ tí à ń pè ní Legal Aid Council sílẹ̀. Òfin ọdún 2011 sọ pé ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀ lè tọ̀ wọ́n lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ni kò ní mọ̀. Bí ọlọ́pàá bá sì mú ènìyàn, òfin ilẹ̀ wa fún un láyè láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tí ó fẹ́.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré ni ọjọ́. Ẹni tí ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga kò bá tẹ́ lọ́rùn nínú ẹjọ́ bí ti ilẹ̀ tàbí ti ilé ní oṣù 3 péré láti lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí, ó di kí a máa bẹ kọ́ọ̀tù kí ó fi ojú àánú wò wá. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ lọ́yà kan kí wàhálà tó dé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé kọ́ọ̀tù lábẹ́ ẹní ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sí wọn létí, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò rí ẹni bá a ka ìwé.