Iyọ̀ Nínú Ilẹ̀ Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ kò ha rántí pé Ábímélékì fọ́n iyọ̀ sí ìlú Ṣékémù nígbà tí ó ti wó o tán? Àwọn ará àtijọ́ mọ̀ pé iyọ̀ púpọ̀ a máa ba ilẹ̀ jẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ó ṣòro fún gbòǹgbò láti fa omi. Ohun ọ̀gbìn a sì rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Èkejì, sódíọ̀mù inú iyọ̀ a máa bá pòtásíọ̀mù, tí í ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, du ọ̀nà. Nígbà náà ni etí ewé a gbẹ, igi a ràn, èso a sì kéré. Ẹ̀wà kì í lè fara dà á; àgbọn a máa fara dà á.

Ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti ya wọ ìlú. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35.

Àwa ará Ìsàlẹ̀ Òsì jìnnà sí òkun, òjò a sì máa fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú jẹ́ irú iyọ̀ kan. Ẹ má ṣe kó o jọ sí ìdí àgbàdo. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́, níwọ̀nba, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ má sì da omi iyọ̀ tàbí ìtọ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ bu omi tí kò ní iyọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ó lè wẹ iyọ̀ náà lọ sí ìsàlẹ̀.