Ìbátan Kókò Tó Wà Nínú Pálọ̀ Wa

Ọmọ aládùúgbò wa, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, já ewé kan nínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, ó sì fi sẹ́nu. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi bú sẹ́kún. Itọ́ ń da lẹ́nu rẹ̀, ètè rẹ̀ sì pọ́n. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ sáré lọ gbé epo pupa. A bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná, a fi aṣọ tútù nu àjẹkù ewé náà kúrò lẹ́nu ọmọ, a ń fún un ní omi tútù àti mílíìkì díẹ̀díẹ̀, a sì ń ṣọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, bisikíìtì ló ń béèrè. Àwa àgbà ni ara wa kò tètè balẹ̀.

Ewéko tó jẹ ni èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Àbújá ń pè ní arrowhead. Ní ilé wa, ewé-ọfà ni a ń pè é, nítorí pé ewé rẹ̀ rí bí orí ọfà gan-an. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Syngonium podophyllum, orúkọ tí Heinrich Wilhelm Schott, ará Austria, fún un. Ẹ forí jì wá, iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa: ní èdè Gíríìkì, podophyllum jẹ mọ́ ẹsẹ̀ àti ewé. Bí ewéko yìí bá dàgbà tó sì rí nǹkan gùn, ewé rẹ̀ kì í jẹ́ ọfà mọ́, ńṣe ló ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọmọ ìka. Nítorí náà, bí tiyín bá yí padà bẹ́ẹ̀, àìsàn kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wúlò jù lọ fún ẹni tó ní ọmọ nílé ni ìdílé tí ewéko yìí ti wá. Ìdílé kókò ni. Kókò tí a mọ̀ yìí náà ni o, tí àwọn Haúsá ń pè ní gwaza, tí àwọn Ígbò ń pè ní ede. Ẹ rántí bí kókò tí kò jinná ṣe máa ń yúnni lọ́fun. Àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní calcium oxalate, ló ń fa yíyún náà, àwọn náà ló sì wà nínú ewé àti igi ewé-ọfà. Ní ti kókò, a máa ń sè é dáadáa kó tó di oúnjẹ. Ewé-ọfà kì í ṣe ohun tí à ń sè rárá, kí ẹni tó ń fi ewé kókò se kontomire ní Accra má ṣe wò ó lójú ọbẹ̀.

Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi ṣan ẹnu náà, ẹ fún un ní ohun tútù mu. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Bí ahọ́n tàbí ọ̀fun bá ń wú, tí kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí mímí ṣòro fún un, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí oje rẹ̀ bá ta sójú, ẹ máa fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú 15. Ajá àti ológbò náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni tiwa ti kúrò nílẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga ló wà, nítòsí fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹ́, kì í ṣe oòrùn ọ̀sán tó ń jó ewé. Èyí tí ewé rẹ̀ ní funfun tàbí àwọ̀ osùn nínú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju èyí tó jẹ́ kìkì ewé tútù lọ. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn jù, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá.

Omi àpọ̀jù ló pa àkọ́kọ́ tí a rà. Àárọ̀ àárọ̀ la ń bu omi sí i, bí ẹni ń bu omi fún adìẹ, títí gbòǹgbò rẹ̀ fi jẹrà. Ní báyìí, ìka la fi ń wò ó. A ó ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ó bá gbẹ níbẹ̀, a ó bomi títí yóò fi jò nísàlẹ̀, a ó sì da èyí tó jò sínú àwo nù. Bí ó bá ṣì tutù, a ó fi í sílẹ̀. Ìkòkò tí kò ní ihò nísàlẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ẹ má gbìn ín sínú rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìṣòro gan-an fún àwa tí a ń gbé lókè ọ̀hún, láti Àbújá dé Kàdúná àti Kánò. Afẹ́fẹ́ gbẹ, etí ewé á máa gbẹ bíi páálí, eruku á sì bò ó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la fi aṣọ tútù ń nù ún, lókè àti lábẹ́, nítorí abẹ́ ewé ni àwọn kòkòrò kékeré tó ń ta òwú bí aláǹtakùn máa ń sá sí. Bí a bá rí wọn, omi tí a po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ la fi ń fọ ewé náà. Ẹ má gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yin tó wà ní Jos, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé lóru, òtútù ibẹ̀ kò bá a lára mu.

Wọ́n á sọ fún yín níbi tí wọ́n ti ń tà á pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí NASA ti 1989 tí ọ̀rọ̀ irú ewéko bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, inú àpótí tí wọ́n sé pa ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ ṣí fèrèsé yín.

Ìtàkùn ni, nítorí náà ẹ fún un ní igi tí yóò gùn, tàbí kí ẹ máa gé e kó lè bú yọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gé e, oje rẹ̀ lè mú ara yún. Ẹ̀ka tó bá ní oríkèé kan, bí ẹ bá fi sínú ife omi, yóò ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ewé lásán tí kò ní oríkèé kò lè di igi. Èyí tí ẹ bá gé nù, ẹ má dà á sí etí odò tàbí inú igbó. Mẹ́síkò títí dé gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Florida, ó ti sá kúrò nínú ọgbà àwọn èèyàn, ó ń bo igbó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀ka mẹ́ta wà nínú ife lójú fèrèsé ìdáná wa báyìí, méjì ti ta gbòǹgbò. Ọ̀kan ti ní olówó: ìyá ọmọ yẹn ló tọrọ rẹ̀. Ó ní orí fíríìjì ni òun máa gbé e sí, a sì ti sọ fún un pé kó máa gé èyí tó bá ń fà bọ̀ wálẹ̀.