Ta Ni Yóò Kó Eérú Iná Yìí?

Ẹni tó ń dáná lójoojúmọ́ mọ̀ pé iná kò jọ iná. Òmíràn a máa rú èéfín sójú aládùúgbò. Òmíràn kì í rú èéfín, ṣùgbọ́n eérú rẹ̀ kì í tutù bọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí a tó yin iná kan, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun méjì: ta ni yóò jìyà rẹ̀, ìyà náà yóò sì ti pẹ́ tó?

Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, oríṣi iná mànàmáná méjì wà tí a lè fi wé ara wọn. Ìkíní ni iná afẹ́fẹ́, ní àwọn òkè Altamont Pass, níhà ìlà-oòrùn San Francisco. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó síbẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ ńlá wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ń yí abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí ẹ̀rọ, iná sì ń jáde láìsí èéfín. Ṣùgbọ́n ẹyẹ idì tó ń ṣọ́ ẹran kékeré nílẹ̀ kì í rí abẹ̀bẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá a. Ọ̀pọ̀ idì ló ti bá a lọ. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n hú òpó àtijọ́ púpọ̀, wọ́n fi ìwọ̀nba díẹ̀ tó tóbi jù wọ́n lọ rọ́pò. Ikú ẹyẹ kò tíì tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àṣìṣe náà ṣì wà láyé láti tún un ṣe.

Ìkejì ni iná átọ́ọ̀mù ti Diablo Canyon, létí òkun Pàsífíìkì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985. Ooru yurénìọ́mù ni wọ́n fi ń se omi, oru omi náà ní í sì í yí ẹ̀rọ. Òun náà kò rú èéfín, kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yálà afẹ́fẹ́ fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n omi òkun tó ń fà láti fi tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára, gbígbóná ló ń dá a padà, àìmọye ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ sì ń bá omi náà wọlé, wọ́n ń kú.

Eérú rẹ̀ ńkọ́? Inú àgbá irin àti kọnkéré ni ó wà, níbẹ̀ létí òkun, nítorí Amẹ́ríkà kò tíì ní ibi tí yóò kó o sí títí láé. Ohun kan wà nínú eérú náà tí ìdajì rẹ̀ kò ní í tán fún 24,000 ọdún. Nítorí èyí ni Kalifọ́níà fi ṣòfin ní 1976 pé kí a má kọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi bí ibi ìkó-eérú bá wà. Síbẹ̀, ní 2022, ẹ̀rù pé iná kò ní í tó mú kí ìjọba kan náà fi ọjọ́ kún ti Diablo Canyon títí di 2030.

Jàǹbá irú iná yìí kì í wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti Chernobyl ṣẹlẹ̀ ní 1986, gbogbo ará ìlú Pripyat, nǹkan bí 49,000 ènìyàn, ló fi ilé sílẹ̀, wọn kò sì padà wá gbé ibẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, èmi kò sọ pé iná kan kò ní àléébù. Ohun tí mo rí ni pé gbèsè iná afẹ́fẹ́, àwa tó jẹ ẹ́ lè san án. Gbèsè iná átọ́ọ̀mù, ọmọ ọmọ wa ni yóò bá a nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú iná bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí yóò da eérú sí hàn wá. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.