Saraka àti Sàárà: Ìjọra Ọ̀rọ̀ láàrin Èdè Gullah ti Erékùṣù Sapelo àti Yorùbá

Gullah, tí wọ́n ń pè ní Geechee ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni èdè àwọn ìran ẹrú Áfíríkà tí ó tẹ̀dó sí àwọn erékùṣù etíkun gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó rọrùn fún àwa elédè Yorùbá láti mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan, kí a sì pè é ní tiwa. Abúlé kan ṣoṣo, Hog Hammock ní erékùṣù Sapelo, ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò; èrò wa ni pé ìjọra nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni saraka. Nínú ìwé Drums and Shadows, tí a tẹ̀ ní 1940, a kà nípa oúnjẹ ìrẹsì pẹlẹbẹ aládùn tí ìyá àgbà kan ní Sapelo máa ń ṣe tí ó sì ń pín fún àwọn ọmọdé. Saraka ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí sàárà. Inú èdè Lárúbáwá ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, láti ara sadaqa, ọrẹ àánú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé Sapelo kò kan ilẹ̀ wa. Bilali Mohammed, baba ńlá ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀, jẹ́ Fúlàní láti Timbo ní Futa Jallon, ní orílẹ̀-èdè Guinea òde òní. Òun ni ó ń ṣe alábòójútó àwọn ẹrú Thomas Spalding. Ó fi èdè Lárúbáwá kọ ìwé kékeré kan lórí òfin ẹ̀sìn Mùsùlùmí, tí Yunifásítì Georgia ń tọ́jú títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kejì ni dayclean, èyí tí wọ́n fi ń pe ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni a so pọ̀, ọjọ́ àti mímọ́, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé kì í ṣe "ilẹ̀ mọ́" tiwa gan-an nìyí? À bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ Wolof náà ní irú ìpèdè bẹ́ẹ̀, Krio ilẹ̀ Sierra Leone sì ń wí pé do klin. Ti Krio yìí gba ìṣọ́ra. Lóòótọ́ ni Yorùbá wọ inú Krio púpọ̀, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ àwọn Aku ni, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n sì kó dé Freetown lẹ́yìn 1808, ọdún tí òfin Amẹ́ríkà fòpin sí kíkó ẹrú wọlé. Ṣáájú wọn, ní 1792, àwọn aláwọ̀ dúdú láti Nova Scotia ti dé Freetown, àwọn kan nínú wọn sì ti sá kúrò ní South Carolina tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí Krio àti Gullah jọ ní lè ti Amẹ́ríkà wá sí Áfíríkà.

Lorenzo Dow Turner ni ó fi ìwádìí jíjinlẹ̀ hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1949, Africanisms in the Gullah Dialect, pé Gullah kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a bà jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Orúkọ ènìyàn ni ó pọ̀ jù nínú àkójọ rẹ̀, pàápàá "orúkọ apẹ̀rẹ̀", ìyẹn orúkọ inú ilé tí a kì í kọ sínú ìwé ìjọba; ó sì so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ Yorùbá. Ní 1965, P. E. H. Hair tọ́ka sí i pé nígbà tí ó bá di orin, ìtàn àti òǹkà, èdè agbègbè Sierra Leone, pàápàá Mende àti Vai, ni ó gba iwájú. Lójú tèmi, ibí ni kókó wà. Orúkọ onísílébù méjì tí ó parí sí fáwẹ̀lì ṣeé rí nínú ogún èdè. Odidi orin kì í ṣe ohun tí a ń ṣèèṣì bá pàdé. Ìtàn náà gbè é lẹ́yìn: Brazil àti Cuba ni a kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó.

Ìwádìí yìí kò lè dúró pẹ́. Láàrin 1950 sí 1964 ni R. J. Reynolds Kékeré, tí ó ti ra ibi tí ó pọ̀ jù ní Sapelo ní 1934, kó àwọn ará abúlé yòókù jọ sí Hog Hammock. Àwọn Gullah tí ó kù níbẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún, ẹnu àwọn ará ilé nìkan sì ni orúkọ apẹ̀rẹ̀ wà. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ McIntosh sọ ìwọ̀n ilé tí a lè kọ́ níbẹ̀ di ẹsẹ̀ bàtà 3,000 níbùú lóòró, láti orí 1,400. Ẹ̀rù ba àwọn ará abúlé pé ilé olówó ńlá yóò gbé owó-orí ilẹ̀ wọn ga títí wọn yóò fi tà á. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé láti béèrè fún ìdìbò lórí òfin náà. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Georgia dájọ́ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i.