Ṣé o mọ̀? Obìtun kì í ṣe ijó lásán

Lóde òní, bí àwọn oníjó Obìtun bá yọ níbi ìgbéyàwó l'Óǹdó, owó níná ló kù. Láyé àtijọ́, ètò tí ọmọbìnrin tó ti bàlágà ń ṣe kó tó lọ ilé ọkọ ni. Wọn á di irun rẹ̀, wọn á fi iyùn sí i lórí, lọ́rùn àti lọ́wọ́, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì jó fún aráyé wò: ọmọ lágbájá ti tó ilé ọkọ! Òbí ló ń gbé bùkátà rẹ̀, kò sì kéré rárá. Ètò náà ti rọlẹ̀ báyìí. Ijó àti orin rẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún òde àríyá.