Àáró, Àgbàṣe àti Ìwọ̀fà: Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Lọ Ṣiṣẹ́ Ìsinmi ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń fojú sọ́nà fún yunifásítì. Ó sì kan ẹ̀yin òbí, nítorí pé bí ọmọ bá ní òun fẹ́ rìnrìn-àjò, ọwọ́ yín ni owó yóò ti jáde.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà mẹ́ta tí ẹnì kan fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Èkíní ni àáró. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á péjọ sí oko Àjàní; lọ́la, wọn á lọ sí oko Àkànní. Owó kò sí níbẹ̀. Agbára àti ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n ń fún ara wọn. Èkejì ni iṣẹ́ àgbàṣe. Olóko kòkó pe alágbàṣe, wọ́n fẹnu kò sí iye owó, alágbàṣe ro oko, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó ni ó ń sin olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò sì dín gbèsè náà kù rárá, nítorí pé èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Títí yóò fi rí odindi owó náà san, oko olówó ni yóò máa ro.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta yìí sọ́kàn. Ètò kan wà ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Àáró ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, owó àgbàṣe ni wọ́n ń san nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣọ́ra, ó lè sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, Ààrẹ John F. Kennedy fọwọ́ sí òfin kan. Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright, tí ó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Arkansas, wà lára àwọn tí ó gbé e kalẹ̀. Ohun tí òfin náà ń fẹ́ ni pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará ilẹ̀ mìíràn mọ ara wọn dáadáa, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ máa lọ kí wọ́n sì máa bọ̀, kí ẹnì kìíní rí bí ẹnì kejì ṣe ń gbé ayé. Ẹ kò rí i pé àáró nìyẹn? Físà tí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ fi ń wọlé ni wọ́n ń pè ní J-1.

Ẹ̀ka físà yìí pọ̀. Èyí tí à ń sọ lónìí ni ti iṣẹ́ àti ìrìn-àjò ní àkókò ìsinmi. Ẹni tí ó wà fún ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn tí kò sí ní Amẹ́ríkà. Ó gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ kan, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìgbà ìsinmi gígùn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin ni ó pẹ́ jù. Kò sí àfikún. Bí ìsinmi bá parí, kí ó padà sí kíláàsì rẹ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà kì í fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń fún àwọn ẹgbẹ́ kan láṣẹ láti jẹ́ onígbọ̀wọ́. Onígbọ̀wọ́ ni ó gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò, òun ni ó sì ń fúnni ní ìwé tí a ń pè ní DS-2019. Láìsí ìwé yìí, kò sí físà J-1. Lábẹ́ onígbọ̀wọ́ ni àwọn alágbàtà wà, tí wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri láti ìlú dé ìlú. Ibẹ̀ ni owó ti ń wọnú ọ̀rọ̀.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni èrè agbanisíṣẹ́ nínú èyí? Àkọ́kọ́, ní ìgbà ooru, èrò a máa ya lọ sí ilé ìtura etí òkun, sí ọgbà ìgbafẹ́ àti sí ilé oúnjẹ. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ọwọ́ kò tó; lẹ́yìn èyí, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá tí ó sì ń padà bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu. Èkejì, bí agbanisíṣẹ́ bá gba ọmọ ilẹ̀ wọn síṣẹ́, lórí 100 dọ́là owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò san 7.65 dọ́là fún ìjọba, fún owó àwọn àgbàlagbà àti ìwòsàn wọn. Kì í san èyí lórí akẹ́kọ̀ọ́ J-1. Nítorí náà, owó tí àlejò ń ná an kéré sí ti onílé. Ohun tí ó bá dínwó báyìí, ó yẹ kí a fi ẹ̀ṣọ́ tì í.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù yín, kí a jọ ṣe ìṣirò kékeré kan. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní ọdún 2009 ni 7.25 dọ́là fún wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ mìíràn ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, yóò gba 290 dọ́là. Ní ọ̀sẹ̀ 16, ó di 4,640 dọ́là. Bí ó bá ti yá 3,000 dọ́là kí ó tó kúrò nílé, fún alágbàtà, onígbọ̀wọ́, físà àti ọkọ̀ òfúrufú, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ku 1,640. Ẹ fi 16 pín in. Ó ku dọ́là 102 àti àbọ̀ lọ́sẹ̀, nínú èyí tí yóò ti jẹun, tí yóò ti san owó ilé, tí yóò ti san owó orí, kí ó tó rí ohun kankan mú bọ̀ wálé. Bí owó tí ó yá bá jẹ́ 5,000 ńkọ́? Ó ti fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ ro oko olówó nìyẹn. Ẹni tí ó wà nínú irú gbèsè yìí kò lè sọ pé, "Iṣẹ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mò ń lọ." Níbo ni yóò lọ?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí ní ìlú Palmyra, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọdún 2011. Bí 400 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀: láti Ṣáínà, Tọ́kì, Ukraine, Romania, àti láti Nàìjíríà tiwa náà. Owó tí wọ́n ti san kí wọ́n tó débẹ̀ wà láàárín 3,000 sí 6,000 dọ́là. Wọ́n rò pé àwọn ń lọ mọ Amẹ́ríkà ni. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n bá ara wọn, níbi tí wọ́n ti ń di ṣokoléètì Hershey sínú páálí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni Hershey gbé iṣẹ́ ibẹ̀ fún. Páálí náà wúwo, ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù kọjá ń sáré, òru sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń yọ owó ilé nínú owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lóru tí ó ń sùn lọ́sàn-án, ìgbà wo ni yóò bá onílé sọ̀rọ̀?

Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun onígbọ̀wọ́. Nígbà tí wọn kò rí àtúnṣe, wọ́n kó ara wọn jọ, nítorí pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde síta. Wọ́n ní kí a dá owó àwọn padà. Wọ́n tún béèrè ohun kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: wọ́n ní kí a gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará ìlú náà tí kò níṣẹ́, pẹ̀lú owó tí ó tọ́. Àlejò ni ó ń gbẹjọ́ onílé rò yìí.

Ìròyìn náà kàn káàkiri ayé. Ìjọba kò lè dákẹ́ mọ́. Ní ọdún 2008, àwọn tí ó wá lábẹ́ ètò yìí ti ju 150,000 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ìjọba kéde pé ti ọdún 2012 kò gbọdọ̀ ju 109,000 lọ. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ tí ó kó àwọn ti Palmyra wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, wọ́n sì gbé òfin tuntun jáde. Ẹ jẹ́ kí a yẹ díẹ̀ wò nínú rẹ̀, kí a sì béèrè ìdí rẹ̀.

Òfin náà ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà, ní ibi ìkọ́lé tàbí ní oko. Ìdí rẹ̀ ni pé ewu wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀rọ àti ẹrù lọ. Kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú kò tó o. Kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ ti rí ìdí ìyẹn ní Palmyra.

Iṣẹ́ náà gbọdọ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ tàbí ti àsìkò. Kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ onílé: agbanisíṣẹ́ tí ó bá lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàárín 120 ọjọ́ kò lè fi akẹ́kọ̀ọ́ dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Owó rẹ̀ gbọdọ̀ bá ti onílé tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà dọ́gba. Onígbọ̀wọ́ gbọdọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ lóṣooṣù, kí ó sì rí i pé ó ní ànfààní láti mọ àṣà ilẹ̀ náà. Ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ ń sapá láti dá ètò náà padà sí ìdí àáró tí ó ti wá.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ náà ṣe ìwádìí tirẹ̀. Wọ́n rí i pé owó ilé tí a ń yọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó iṣẹ́ wọn fi wálẹ̀ ju iye tí òfin fi lélẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, a gbọ́ pé àwọn tí ọ̀ràn kàn gbà láti san ohun tí ó lé ní 213,000 dọ́là fún akẹ́kọ̀ọ́ 1,028. Ẹ tún mú pẹ́ńsù yín. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bí 207 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 3,000 tí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù san kí ó tó débẹ̀. Òfin tí ó dé lẹ́yìn ọ̀ràn ṣe é gbóríyìn fún, ṣùgbọ́n kì í dá gbogbo ohun tí ó sọnù padà. Ẹni tí òfin ń gbà sílẹ̀ jù lọ ni ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, bí alágbàtà bá wá sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún yín, ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Èkíní: ta ni onígbọ̀wọ́? Ìjọba Amẹ́ríkà a máa tẹ orúkọ àwọn tí ó fún láṣẹ jáde. Ẹ wá a níbẹ̀. Èkejì: èló ni gbogbo owó náà, kí sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún? Òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín. Ẹ̀kẹta: ibo ni iṣẹ́ náà wà, èló ni wákàtí kan, èló ni owó ilé? Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó gbéra. Ẹni tí ó bá ní "ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ ó rí i níbẹ̀" ń tan yín jẹ ni. Ẹ̀kẹrin: ọwọ́ ta ni ìwé ìrìnnà yóò wà? Ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí òfin ọdún 2008 ní kí wọ́n fún irú àwọn arìnrìn-àjò báyìí, tí ẹ̀tọ́ wọn wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ kà á tán kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ẹ tún kọ́kọ́ béèrè bóyá ilẹ̀kùn ṣí, nítorí pé ilẹ̀kùn yìí a máa ṣí, a sì máa tì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìgbà àrùn Kòrónà, Amẹ́ríkà dá ètò yìí dúró títí di ìparí oṣù kẹta ọdún 2021. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, wọ́n tún kéde ìdíwọ́ lórí físà J fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn ni ẹ ti lè gbọ́ bí ó ṣe wà ní ọjọ́ tí ẹ bá béèrè. Alágbàtà tí ó bá ń gba owó lórí ilẹ̀kùn tí ó wà ní títì, olè ni.

Èmi kò sọ pé kí ọmọ má rìn o. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kí ó rìn, kí ó rí ayé, kí ó kọ́ ọgbọ́n, kí ó sì bọ̀ wá sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ kí ó tó lọ bóyá àáró ni òun ń bá wọn ṣe, tàbí àgbàṣe, tàbí ìwọ̀fà.

Ó dìgbà kan ná.