Ibi Tí Ewé Ti Ń Pọ́n: Bí Afọ́tò Ṣe Lè Wá A Rí Láti Ṣómólú àti Bàrígà

Igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ní Ṣómólú àti Bàrígà kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó pàwọ̀ dà. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ yí sí àwọ̀ ìyeyè, á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á sì já bọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ láràárọ̀ ló sábà máa ń kíyè sí i, èébú ló sì fi ń kí i. Àwa tó kù jókòó ti fóònù, à ń wo fọ́tò Vermont àti Kánádà, à ń sọ pé irú rẹ̀ kò sí nílé. Lóòótọ́, irú rẹ̀ gan-an kò sí, nítorí òfin mìíràn ni tiwa ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá mọ òfin ọ̀hún lè gbéra ní Bàrígà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì bá odidi oko tó ti yí àwọ̀ padà kí oòrùn tó mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tòkè òkun. Ohun tó ń lé ewé níbẹ̀ ni òtútù àti ọjọ́ tó ń kúrú. Igi á fa oúnjẹ tó wà nínú ewé padà sí ara, àwọ̀ tútù inú ewé á túká, ìyeyè tó ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì yọjú. Pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa kò sápamọ́ síbì kankan; igi ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó láti inú ṣúgà tó kù nínú ewé. Nígbà tó jẹ́ pé òtútù kan náà ló ń bá gbogbo igbó jà, odidi òkè á pọ́n lọ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n àsìkò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo: tó bá di àárín oṣù Kẹwàá, Vermont ti ń parí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ará ilé wa tó ń gbé Peckham ṣì lè dúró di ìparí oṣù náà kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí igbó Epping létí London.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń lé ewé. Ojú ewé ni omi ti ń jáde lára igi. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, igi tí kò fẹ́ kú á ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí igi kan ṣe ń ṣe é kọ́ ni òmíràn ń ṣe é. Àràbà á bọ́ra sí ìhòòhò. Arère náà á wọ́wé, ìrókò náà. Mángòrò kò ní mira, ọ̀pẹ kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí igbó àdáyébá wa kì í fi í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà: igi kan á di ìyeyè, mẹ́wàá tó yí i ká á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Fúrúùtù pàápàá, ẹ̀ka kan lè pọ́n kí èkejì má tíì mọ nǹkan kan, ó sì tún máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò igi kan ṣoṣo, àdúgbò tó o. Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ tó lọ salalu, tí gbogbo rẹ̀ yí àwọ̀ pọ̀, oko tí èèyàn fọwọ́ gbìn ni kó wá, níbi tí igi ti jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà.

Tíìkì ni mo máa fi ṣe àkọ́kọ́. Igbó ọba Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn lẹ́bàá odò Ògùn, ti wà láti 1899, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dáko tíìkì ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n kó igi náà dé ní 1902. Ewé tíìkì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé dáadáa, á ràn sí ìyeyè, á di pupa rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ amọ̀, á wá bọ́ sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa ró wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ bàtà. Nítorí pé ìlà ni wọ́n gbìn ín sí, ẹ dúró sáàárín ìlà méjì, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji igi á sì fi ilẹ̀ pupa yẹn pààlà fún yín. Kò sí àgbà afọ́tò tí inú rẹ̀ kò ní dùn sí i.

Rọ́bà máa ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, oko rọ́bà á pọ́n, á di ìhòòhò, á tún hùwé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Aráròmí-Obù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ilẹ̀ oko rọ́bà ńlá; ṣùgbọ́n oko olóko ni, ẹni tí kò bá gbàṣẹ kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà wọlé. Ní tèmi, mi ò ní torí ewé nìkan lọ sí igbó Omo, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní J4. Mẹlínà ló pọ̀ nínú oko ibẹ̀, ìyeyè rẹ̀ kò sì lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ ìkùukùu òwúrọ̀ lára igi lè lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tẹ̀lé ìwé òyìnbó kì í rò mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú pupa tiwa, ewé ọmọdé ló ni ín. Ẹ wo mángòrò tó bá ń rú: ewé tuntun rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí wáìnì, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà á tutù bí àwọn yòókù. Kòkó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Oǹdó àti Ìdànrè. Igi òrí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lókè Ògùn, lọ́nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí. Àwọn onímọ̀ ní pupa yẹn ń ṣíji bo ewé tí ara rẹ̀ kò tíì gbó, kí oòrùn má baà jó o, kí kòkòrò náà sì má tètè rí i jẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá pẹ́ dé tí ewé àtijọ́ ti tán nílẹ̀, ẹ má tíì yí ọkọ̀ padà. Ẹ wòkè bóyá tuntun ti ń yọ. Lókè Ògùn yẹn náà ni pónpọ́là ti máa ń sọ gbogbo ewé rẹ̀ nù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí òdòdó pupa nìkan á wá kù lórí ẹ̀ka.

Kí ẹ tó ra epo, ẹ kọ́kọ́ fi ojú sátẹ́láìtì wá a. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù ń gba orí ilẹ̀ wa kọjá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán rẹ̀ lórí Copernicus Browser. Ẹ mú àwòrán oṣù Kìíní ọdún tó kọjá tí ìkùukùu kò bò, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù Kẹwàá tó ṣáájú rẹ̀. Ibi tó tutù nínú ti oṣù Kẹwàá, tó wá di àwọ̀ ilẹ̀ nínú ti oṣù Kìíní, tí etí rẹ̀ sì gún régé bí ẹni fi rúlà fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oko igi. Èyí tí etí rẹ̀ ṣe wúruwùru lè jẹ́ ibi tí iná ti jó. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú lóòró, nítorí náà ẹ má wá igi kan ṣoṣo níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn: awakọ̀ ní gáréèjì, oníplánkì, ẹni tó ń ta èédú. Bí ẹ bá bi wọ́n pé “níbo ló rẹwà?”, Olúmọ tàbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n máa júwe. Orúkọ igi ni kí ẹ dá: “Ẹ̀gbọ́n, tíìkì ọ̀nà Abẹ́òkúta, ṣé ewé ṣì wà lórí ẹ̀?” Oníplánkì á dá yín lóhùn bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọmọ rẹ̀. Ẹ sì tún bi wọ́n bóyá ọ̀nà náà dára lásìkò yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti padà sí títì ńlá. Ẹni tí kò bá fẹ́ wakọ̀ lè wọ rélùwéè láti Ẹbúté-Mẹ́ta, láti 2021 ló ti ń ná Ìbàdàn, kó jókòó ti fèrèsé, kó máa sàmì sí ibi tó bá wù ú sórí fóònù. Nínú igbó ọba, ẹ wá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lọ kí ẹ tó wọlé. Ní abúlé, ẹ kí baálẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ní oṣù Kìíní, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago méje, ó ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá ti kọjá aago mẹ́sàn-án, ewé á máa dán bí awo, àwọ̀ á sì parẹ́. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ewé, kí ó máa tàn gbà á kọjá wá sọ́dọ̀ yín. Fún èyí, Bàrígà ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní: ìlà-oòrùn ni ọ̀sà rẹ̀ kọjú sí, nítorí náà igi tó bá wà létí omi níhà Ìlàjẹ tàbí ní Akọka ń gba oòrùn láti ẹ̀yìn láràárọ̀. Eruku ọyẹ́, tó ń wá láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chad àti agbègbè rẹ̀, á pa òkè tó jìnnà rẹ́. Ẹ sún mọ́ igi, kí ẹ fi eruku yẹn ṣe ògiri funfun lẹ́yìn rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ tẹ ojú ewé náà kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, torí pupa tètè máa ń jóná.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwèé, ẹ ti wà nílé àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ kàn rántí pé ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe pupa, yíǹkì mẹ́rin sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní. Pupa tó ń kọ mànà lójú fóònù lè dé orí bébà kó ti ṣá. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo fún yín wò, kí ẹ gbé e jáde síta lọ wò ó nínú oòrùn kí ẹ tó sanwó iye tó kù. Ẹ má sì gbé e lọ bá wọn nígbà tí kàlẹ́ńdà bá ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn ní ìparí ọdún. Oṣù Kẹfà ni kí ẹ lọ, wọ́n á ráyè bá yín tún àwọ̀ náà ṣe.